Ojú àwòdì: ibi tí ogun inú géèmù ti jọ ogun gidi, àti ibi tí kò ti jọ ọ́

Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sílé mi. Kò sí àwíjàre, géèmù Age of Empires II ló ń ta láti àárọ̀ títí iná fi lọ. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin bí ogójì ti yí ilé olódi kan ká, òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́ látòkèdélẹ̀, wọ́n sì ń fi idà gé e. Idà ni mo wí o. Wọ́n ń gé òkúta bí ẹni ń gé ẹran iléyá. Nígbà tó yá, iná sọ lára ilé náà, ó wó. Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn ni?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ní rárá, kí n sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé inú géèmù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn jagunjagun àtijọ́ bíi Hannibal tàbí Sundiata. Àwọn àgbà ń sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ń sọ pé ìtàn ni. Àwọn méjèèjì jẹ̀bi díẹ̀díẹ̀.

Kí a tó máa lọ, kì í ṣe géèmù tí èèyàn ti ń gbé ìbọn sáré kiri ni mo ń sọ. Èyí tí ẹ ó ti jẹ́ Balógun ni, tàbí ọba gan-an: ẹ ó wá owó, ẹ ó kó ọmọ ogun jọ, ẹ ó pinnu ibi tí ogun yóò gbà. Nínú Age of Empires II, tó jáde ní 1999, ẹ ó kọ́lé, ẹ ó roko, ẹ ó sì jà lórí pápá kan náà. Total War, tí ilé-iṣẹ́ Creative Assembly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2000, máa ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun síwájú yín, kí ẹ máa dà wọ́n bí ẹran ọ̀sìn. Europa Universalis IV, tí Paradox ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní 2013, máàpù ilẹ̀ ayé ló tẹ́ sílẹ̀ bí ọpọ́n ayò. Ogun níbẹ̀ kò ju ère kékeré méjì tó dojú kọra, pẹ̀lú iye tó ń lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Aṣọ àti ohun ìjà ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bá géèmù jà lé lórí. Rome: Total War, tó jáde ní 2004, ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. Ọdún 270 ṣáájú ìbí Jésù ni ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lásìkò yẹn, àtọmọdọ́mọ Ptolemy, ọ̀gágun Alexander tó wá láti Makedóníà, ló ń jọba ní Íjíbítì. Àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ ń di ọ̀kọ̀ gígùn mú bíi ti àwọn Gíríìkì. Kí ni géèmù fi hàn wá? Kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà, àti àwọn ọmọ ogun tó múra bíi tayé àwọn Fáráò, èyí tó ti kọjá lọ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe fíìmù nípa ìdìbò June 12, tí wọ́n wá wọ ẹ̀wù ogun ayé Ọ̀rànmíyàn fún àwọn sójà. Inú bí àwọn kan tó ń ta á débi pé wọ́n jókòó, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe fúnra wọn, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi kì í ka irú èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Aṣọ ṣeé pààrọ̀. Géèmù yẹn kan náà ni BBC lò ní 2003, kó tó dé ọjà rárá, láti fi tún àwọn ogun àtijọ́ jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ì bá má lò ó bí kò bá ní òótọ́ kankan nínú.

Òótọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wo ti ẹlẹ́ṣin àti ọlọ́kọ̀. Nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo géèmù wọ̀nyí, bí ẹ bá rán ẹlẹ́ṣin lu àwọn tó na ọ̀kọ̀ síta, ẹ ó sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ogun gidi, àmọ́ ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Nínú géèmù, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìṣirò pé ọ̀kọ̀ máa ń dun ẹṣin ju bó ṣe ń dun ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Lójú ogun, ẹṣin ló ń kọ̀. Ẹṣin kì í ṣe òpè. Bó bá rí igbó ọ̀kọ̀ tó dúró digbí níwájú, tí kò rí àyè tó lè gbà kọjá, yóò yà bàrá tàbí kó dúró, ohun yòówù kí ẹni tó gùn ún máa pariwo. Nítorí náà, iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kì í ṣe láti gún ẹṣin bí kò ṣe láti dúró. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá bẹ̀rù tó sì sá, àyè ti ṣí nìyẹn.

Ibi tí Total War ti gbà mí lọ́kàn jù nìyí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní àsíá lórí. Bí ọkàn wọn bá ti ń mì, àsíá náà á máa ṣẹ́jú, bó bá ti funfun, wọ́n ti sá. Wọn kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá kú tán. Bí ọ̀tá bá yọ sí wọn lẹ́yìn, bí ọ̀gágun wọn bá ṣubú, bí wọ́n bá rí i pé àwọn tó wà lápá òsì ti ń fẹsẹ̀ fẹ, tiwọn náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ogun ṣe máa ń fọ́ gan-an nìyẹn. Láyé ọ̀kọ̀ àti idà, ìwọ̀nba ló máa ń kú nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì dojú kọra pẹ̀lú asà. Ìgbà tí apá kan bá yí ẹ̀yìn padà ni wọ́n tó máa pa wọ́n bí eéṣú. Age of Empires II kò mọ èyí rárá. Jagunjagun tó kù díẹ̀ kó kú níbẹ̀ ń jà pẹ̀lú agbára kan náà tó ní nígbà tó kúrò nílé, kò sì sí èyí tó ń sá láìjẹ́ pé ẹ ní kó sá. (Ká má tiẹ̀ sọ ti àlùfáà tó ń kọ orin díẹ̀, tí erin ọ̀tá á sì yí padà di tiyín. Èyí, mo gbà fún wọn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ṣùgbọ́n ibi tí géèmù ti ń purọ́ jù lọ kì í ṣe lára ọ̀kọ̀, kì í ṣe lára odi. Ibi tí wọ́n fi yín jókòó sí ni. Ẹ wà lójú ọ̀run bí àwòdì. Ẹ rí gbogbo pápá, ẹ mọ ibi tí ọmọ ogun yín kọ̀ọ̀kan wà, ẹ mọ iye tó kù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, igba ẹlẹ́ṣin á ṣí lọ́wọ́ kan náà, wọn ò ní béèrè nǹkan kan. Kò sí ọ̀gágun kankan láyé àtijọ́ tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan hàn yín. 25 Oṣù Kẹwàá, 1854, ní Balaklava, etí Òkun Dúdú. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bá Rọ́ṣíà jà nínú ogun Kirimíà. Raglan, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, wà lórí òkè gíga. Láti ibẹ̀, ó rí i pé àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ máa kó àwọn ìbọn àgbá kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì lórí òkè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí wọ́n kọ ìwé sí Lucan, ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ṣin, pé kó yára tẹ̀ síwájú, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá kó àwọn àgbá náà lọ. Wọ́n fún ọ̀dọ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Nolan, ẹni tó mọ ẹṣin gùn ju gbogbo wọn lọ, tí kò sì ka Lucan sí. Nolan já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, ó fi ìwé jíṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ àfonífojì ni Lucan wà. Àgbá tí Raglan ń wò láti òkè, òun kò rí i. Ó béèrè pé àgbá wo? Nolan na ọwọ́ síbi kan, pẹ̀lú ìbínú. Ọwọ́ tó nà yẹn dà bíi pé òpin àfonífojì ló ń tọ́ka sí, níbi tí àgbá Rọ́ṣíà mìíràn tò sí, tí ìbọn sì wà lókè lápá ọ̀tún àti òsì. Lucan bá ní kí Cardigan, ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó àwọn ẹlẹ́ṣin wọ ibẹ̀. Cardigan mọ̀ pé ikú ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣẹ ni àṣẹ. Nǹkan bí 670 ẹlẹ́ṣin ló gun ẹṣin lọ nǹkan bíi kìlómítà méjì láàárín iná tó ń bọ̀ láti apá mẹ́ta. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú, ẹṣin tó ṣòfò lé ní 300. Nolan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bi í mọ́ pé kí ló tọ́ka sí.

Kò sí bí ẹ ṣe lè ta ọjọ́ yẹn nínú Total War. Ẹ̀yin ni Raglan, ẹ̀yin ni Nolan, ẹ̀yin náà ni Lucan, ẹṣin pàápàá, ẹ̀yin ni. Àṣìgbọ́ kò ní ibi tó máa gbà wọlé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn sójà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí nínú géèmù tiwọn kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé. Ní 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá sójà kan ní Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, Reisswitz, gbé géèmù kan síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n sì gbà á láti fi kọ́ àwọn sójà níṣẹ́. Orí máàpù ni wọ́n ti ń ta á, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á kì í fọwọ́ kan ọmọ ogun wọn. Wọ́n á kọ àṣẹ sínú ìwé, wọ́n á fún adájọ́ tó wà láàárín. Adájọ́ ni yóò ṣírò ìgbà tí ìránṣẹ́ máa débẹ̀, òun náà ni yóò sì pinnu ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí láti ibi tó wà. Bí òkè bá dí yín lójú, ọ̀tá kò sí lórí máàpù yín. Bí ìránṣẹ́ yín bá pẹ́, àṣẹ yín ti di ti àná. Ẹni tó bá ta irú èyí fún wákàtí méjì yóò mọ ogun ju ẹni tó fi oṣù mẹ́fà gé odi pẹ̀lú idà lọ. Àmọ́ kò ní gbádùn ara rẹ̀ tó o.

Ìdí tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń fi nǹkan sílẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ka ìtàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi alẹ́ Sátidé ṣírò koríko ẹṣin?

Koríko ẹṣin sì nìyí, òun gan-an ni ogun. Nínú Age of Empires II, ẹ ó san oúnjẹ 60 àti góòlù 75 láti ní ẹlẹ́ṣin alágbára kan. Lẹ́yìn náà, kò tún jẹun mọ́ títí ayé. Ní ti gidi, jagunjagun kan nílò nǹkan bíi kílò ọkà kan lójúmọ́. Ẹgbàárùn-ún ọmọ ogun, ìyẹn 10,000, á jẹ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lójúmọ́, kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ nǹkan bíi kílò mẹ́wàá koríko àti ọkà. Ta ló máa rù ú? Ká ní aláàárù kan lè ru ọgbọ̀n kílò, tí òun náà sì ń jẹ kílò kan lójúmọ́ nínú ẹrù rẹ̀. Bí ibùdó ogun bá jìnnà ní ìrìn ọjọ́ márùn-ún, yóò jẹ mẹ́wàá ní àlọ àti àbọ̀, yóò já ogún sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá péré ló máa já. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò dé ibùdó, yóò kí wọn kú iṣẹ́, yóò sì máa padà bọ̀ láìfún ẹnikẹ́ni ní hóró kan, nítorí ìyókù ni yóò jẹ délé.

Ìṣirò kékeré yìí ló ń sọ ìdí tí ogun àtijọ́ fi ń gba etí odò, tí wọ́n fi ń dúró kí irè oko jáde kí wọ́n tó gbéra, àti ìdí tí ọmọ ogun fi ń tú àká àwọn ará abúlé tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun náà ló pa ogun Napoleon. Nígbà tó wọ Rọ́ṣíà ní Oṣù Kẹfà 1812 pẹ̀lú ogun tí ọ̀pọ̀ ń ṣírò sí nǹkan bí 600,000 lápapọ̀, ohun tí gbogbo èèyàn ń rántí ni yìnyín. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ogun rẹ̀ ti ṣòfò nínú ooru, nínú ebi, òǹgbẹ àti àìsàn, kí òtútù tó dé rárá.

Europa Universalis IV gbìyànjú níbí. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ ogun tó lè bọ́. Bí ẹ bá kó jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á máa kú lóṣooṣù láìsí ìjà. Hearts of Iron IV, ti ilé-iṣẹ́ kan náà, fi ọ̀nà rélùwéè àti ibùdó oúnjẹ kún un ní 2021, àwọn tó ń ta á sì pariwo pé ó ti le jù. Ti àìsàn ńkọ́? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kú nínú ogun Kirimíà tí mo sọ lókè tó nǹkan bí 21,000, àìsàn ló sì pa bí 16,000 nínú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn géèmù wọ̀nyí tó ń fi onígbáméjì hàn bí olórí ọ̀tá.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ogun inú Total War kì í sábà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wá wo Kírìjì nílé wa, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ká. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé rà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn ní Èkó; nínú géèmù, ìgbà tí ẹ bá ti ní ìbọn tó dára ju ti ọ̀tá lọ, ó ti parí nìyẹn. Ní Kírìjì, kò parí. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885. Ní 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, síbẹ̀ ó tún gba ọdún méje kí wọ́n tó kúrò lójú ogun. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kó tó parí. Kò sì sẹ́ni tó borí. Ó kéré tán, Europa Universalis IV gbà pé ogun lè pin láìsí olúborí, tí ìlú bá ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Nínú Age of Empires II, ẹ kì í sábà dìde títí ẹnì kan fi máa run.

Ọ̀yọ́ sì wà nínú Europa Universalis IV. Ẹ lè jẹ́ Aláàfin níbẹ̀. Géèmù náà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 1444, ó sì ń pin níbẹ̀rẹ̀ 1821. Inú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dùn nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní òun máa gba gbogbo ilẹ̀ dé Timbuktu.

Mo bá sọ ohun kan fún un nípa 1821. Lọ́dún yẹn gan-an, ogun wọ ìlú kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Àárọ̀ ni, wọ́n ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Nínú géèmù, àwọ̀ kan ni ọ̀tá máa ń ní. Níbẹ̀, Fúlàní wà nínú wọn, Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ wà, ẹrú tó sá lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ náà wà. Wọ́n fi okùn sí ọmọkùnrin kan lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Àjàyí ni orúkọ ọmọ náà. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Nínú Rome: Total War, bí ẹ bá ṣẹ́gun ìlú, bọ́tìnnì mẹ́ta ló máa yọ: kí ẹ gba ìlú náà lásán, kí ẹ kó wọn lẹ́rú, tàbí kí ẹ pa wọ́n. Bí ẹ bá tẹ ti àárín, iye èèyàn ìlú náà á dín, ti àwọn ìlú yín á pọ̀ sí i. Ó tán. Irú bọ́tìnnì yẹn, nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílé wa léraléra, ló kó ọ̀pọ̀ àwọn babańlá Nàgó ní Bahia àti Lùkùmí ní Kúbà, ìran Yorùbá tó wà lókè òkun, dé ibi tí wọ́n dé.

Ti Àjàyí, láàárín ọjọ́ kan ó ti bọ́ sọ́wọ́ olówó mẹ́ta. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé nínú igbó. Òkè lọ́hùn-ún, níhà àríwá, ni wọ́n ti ń rà á wá. Ẹlẹ́ṣin kan nínú géèmù: oúnjẹ 60, góòlù 75. Ẹṣin kan ní Ìsẹ́yìn: ọmọ kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Mo ní wọ́n kàn gba ẹṣin náà láti fi dán an wò ni. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, kò wù wọ́n, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ wọn. Wọ́n mú un lọ sí ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ló ti tún rí ìyá rẹ̀, nítorí pé ẹṣin náà kò dára tó.